Bàálù Méjìlá, Fìríìjì Kan

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dún 2024, mo kó ẹrù mi jáde nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí mo ti lo ọdún mọ́kànlá gbẹ̀yìn. Ẹrù náà kò pọ̀. Aago ọwọ́ kan tí okùn rẹ̀ ti já, ìwé tí mo ń kọ orúkọ àwọn aboyún sí, àti ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́rin tí mo fi pín-ìnnì gán pọ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú wọn: ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá fìríìjì tó ń lo iná oòrùn. Mo kọ àkọ́kọ́ lọ́dún 2013, mo kọ ìkejì lọ́dún 2015, mo tún kọ ìkẹta lọ́dún 2017. Lẹ́nu ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó wa máa ń fèsì, kò fi ìgbà kankan kọ̀wé: àwọn ti rí i, owó ni kò tíì jáde, ẹ ní sùúrù.

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí lè máa rò ó pé kí la fẹ́ fi fìríìjì ṣe. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní oxytocin. Bí obìnrin bá ti bímọ tán, òun la máa ń gún un kí ilé ọmọ lè sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya. Abẹ́rẹ́ náà kò fẹ́ ooru rárá, inú òtútù fìríìjì ló yẹ kó máa gbé. Bí ooru bá ti ń bà á lójoojúmọ́, agbára rẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀, ibi tó wá burú sí ni pé ojú kò lè rí i. Omi inú ìgò kékeré náà á ṣì mọ́ gaara, orúkọ rẹ̀ á ṣì wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i pé yóò bàjẹ́ á ṣì jìnnà. O lè gún un fún èèyàn kó má ṣe nǹkan kan.

Àárín oṣù kẹrin ọdún 2018, ní nǹkan bí agogo méjì òru, wọ́n gbé aboyún kan wá lórí ọ̀kadà. Ọkọ rẹ̀ ló wà á, ìyá ọkọ wà lẹ́yìn, wọ́n fi obìnrin náà sáàárín kó má baà ṣubú. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí a ti rí iná mànàmáná gbẹ̀yìn. Mo so fóònù mi mọ́ ara irin tí à ń fi dríìpù kọ́, kí iná rẹ̀ lè máa ràn wálẹ̀, ìyá ọkọ sì di tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ mú. Ọmọ wálẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sì ké. Ibi ọmọ jáde láìsí wàhálà. Mo gún ìyá rẹ̀ ní abẹ́rẹ́, mo fọwọ́ lé e níkùn, mò ń retí kí ilé ọmọ le bí àgbọn lábẹ́ ọwọ́ mi, bó ṣe máa ń le.

Kò le. Ó kàn rọ̀ múlọ́múlọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ sì ń bọ̀. Mo tún gún un lẹ́ẹ̀kejì. Mò ń ra ikùn náà, mò ń ra á, apá ń ro mí, mò ń pe orúkọ rẹ̀ kó má baà sùn lọ. Ìró méjì ti rin gbingbin, ìkẹta náà ti ń rin. Ìyá ọkọ dákẹ́. Mo ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì mọ̀ pé ìgbà tí àgbàlagbà obìnrin bá dákẹ́ nínú yàrá ìgbẹ̀bí ni ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí tó fẹ́ kó gbágùúdá lọ sọ́jà ní ìdájí. Ọkọ obìnrin náà sá lọ kanlẹ̀kùn, dẹ́rẹ́bà dìde láìbéèrè owó. A tẹ́ ẹ sórí àpò gbágùúdá. Mo jókòó tì í, mo fi ìkúùkù tẹ ikùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti abúlé títí dé Ìbàdàn, gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá já sí ni mo fi ń pe orúkọ Ọlọ́run. Nígbà tí a fi máa dé ilé ìwòsàn ńlá, ilẹ̀ ti mọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun bí ẹfun. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ìgò mẹ́ta. Ó yè é. Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ rẹ̀ wá bá mi.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ta ọ̀kadà náà. Wọ́n ní kí n san owó kó tó lè kúrò níbẹ̀."

Ọ̀kadà tó fi gbé e wá ni. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń fi omi tútù àti iyọ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára yúnífọ́ọ̀mù mi, rédíò sì ń sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Wọ́n ní ààrẹ Muhammadu Buhari kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé òun ti fọwọ́ sí i kí wọ́n san mílíọ̀nù 496 dọ́là fún Amẹ́ríkà, fún bàálù ogun méjìlá tó ń jẹ́ Super Tucano. Ó ti fọwọ́ sí i kí ilé tó jókòó lé e lórí, nítorí Amẹ́ríkà ti dá ọjọ́ tí owó náà gbọ́dọ̀ wọlé. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kejìlá ọdún 2017, àwọn gómìnà ti fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n yọ bílíọ̀nù kan dọ́là nínú àpò owó epo rọ̀bì fún ogun Boko Haram. Mo dúró, ọṣẹ ń ho lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe iye owó náà ló dá mi dúró, torí ẹnu mi kò tilẹ̀ gbà á. Ohun tó dá mi dúró ni pé owó ogun kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ìwé tó yẹ kó ṣáájú owó, owó ló ṣáájú rẹ̀. Èmi ti kọ lẹ́tà mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo mọ̀ lórí èyí dáadáa, torí ìdí iṣẹ́ mi ni. Lọ́dún 2014, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin ìlera orílẹ̀-èdè. Òfin náà sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé, ó kéré tán, náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà tó bá wọ àpò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sínú owó ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé. Ilé ìwòsàn bíi tèmi gan-an ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí òfin náà jáde, a jó ní ìpàdé, mo rántí. 2014 kọjá, wọn kò fi owó náà sínú ètò ìṣúná. 2015 kọjá. 2016. 2017. Ọdún 2018 ni wọ́n tó kọ́kọ́ fi í sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, bílíọ̀nù 55 náírà, fún gbogbo Nàìjíríà. Bí a bá ṣírò owó bàálù wọ̀nyẹn ní iye tí báǹkì àpapọ̀ ń ta dọ́là nígbà náà, ó lé ní bílíọ̀nù 150 náírà. Ọjà kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dún náà fún ohun tí òfin ti pa láṣẹ láti ọdún mẹ́rin. Lọ́dún 2018 yẹn kan náà, ìwádìí ìjọba fúnra rẹ̀ lórí iye èèyàn àti ìlera wọn rí i pé nínú ọmọ 100,000 tí a bá bí láàyè nílẹ̀ wa, ìyá 512 ló ń kú lórí ọ̀rọ̀ oyún àti ìbímọ. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ nọ́ńbà yẹn fún mi. Mo ti di díẹ̀ nínú wọn lọ́wọ́ mú.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má jagun o. Ta ni yóò rí àwọn ọmọbìnrin 276 tí wọ́n kó lọ ní Chibok ní oṣù kẹrin ọdún 2014, tí yóò ní kí ìjọba ká ọwọ́ lẹ́rán? Nígbà tí wọ́n wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2022, tí wọ́n pa àwọn èèyàn tó wá sin Ọlọ́run, ilé wa níhìn-ín náà ni iná ti jó. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ sójà, ó lo ọdún mẹ́ta ní apá Borno. Ìyá rẹ̀ máa ń pè mí lóru, kò ní sọ nǹkan kan tó lórí tó nídìí, ó kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tí òun náà kò rí oorun sùn. Bí bàálù méjìlá bá lè mú kí ọmọ yẹn padà wálé, ẹ rà á.

Ṣùgbọ́n owó tí kò bá dúró de ìbéèrè kó tó jáde, kì í sí ẹni tó ń bi í pé ibo ló dé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún sójà 54 tó kọ̀ láti lọ sójú ìjà. Àwọn ọmọ náà ní ohun ìjà tí wọ́n kó fún àwọn kò tó. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ tí ààrẹ gbé kalẹ̀ láti wádìí ríra ohun ìjà jábọ̀ pé wọ́n ti sanwó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Ìyẹn ni pé owó tí ẹ gbà lọ́wọ́ aboyún, kò dé ọ̀dọ̀ sójà náà. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí wọ eegun.

Bàbá mi ti rí irú rẹ̀ ṣáájú mi. Ó ti di olóògbé báyìí, àmọ́ agolo bisikíìtì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, ó ti dógùn-ún, ìdérí rẹ̀ kò bá a mu mọ́. Inú rẹ̀ ló ń kó rìsíìtì owó orí sí. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ti ọdún 1968: tádàwà iye owó ti parẹ́ pátápátá, òǹtẹ̀ nìkan ló kù, roboto, àwọ̀ elésè àlùkò. Ó kó o pa mọ́ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, torí ó ní lásìkò yẹn, bí wọ́n bá dá ọ dúró lójú ọ̀nà tí o kò rí i fà yọ, àtìmọ́lé ni.

Oko kòkó lójú ọ̀nà Àkànrán ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí lọ́dún 1969. Ohun tí mo rántí ni pé bàbá mi kì í sùn sílé. Ìdájí ni àwọn agbowó-orí máa ń ya wọ abúlé, kí àgbẹ̀ tó jí lọ sóko, nítorí náà abẹ́ igi kòkó ni àwọn ọkùnrin ń sùn, lórí ẹní, nínú ẹ̀fọn. Ìyá mi á fi ẹ̀kọ rán mi, á ní bí mo bá pàdé ẹni tó wọ ṣòkòtò péńpé, kí n ní mi ò mọ ibi tí bàbá mi wà. Mo mọ̀ ọ́n.

Ogun Bìáfírà ló ń lọ nígbà náà, ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, kò sì parí títí di oṣù kìíní ọdún 1970. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ń mójú tó àpò ìjọba àpapọ̀. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fi ń yangàn títí dòní ni pé Nàìjíríà ja ogun náà láìlọ tọrọ owó lókèèrè. Mo bọ̀wọ̀ fún un, n kò sì ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ẹni tí ìdílé wa jẹ ní gbèsè ọpẹ́. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní agbègbè Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi kúrò ní nǹkan bí 450,000, tí wọ́n lé ní 800,000 láàárín ọdún kan. Bàbá mi ti dàgbà kọjá rẹ̀, àmọ́ àbúrò rẹ̀ àbíkẹ́yìn wọlé lọ́dún náà, òun ló sì wá di ẹni tó ń ka lẹ́tà fún gbogbo abúlé. Owó kòkó ló ṣe é. Àgbẹ̀ mọ̀ pé owó kòkó ló ṣe é, ó rí ọmọ rẹ̀ tó gbé síléètì lọ sí iléèwé, kò sì kùn.

Nígbà tí ogun dé, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ yẹn náà ni wọ́n tún padà sí. Owó tí a kò bá yá, ibì kan la ti máa rí i. Kí n má parọ́, ogun nìkan kọ́ ló bí Àgbẹ́kọ̀yà, ìyẹn ọ̀tẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ dì nítorí owó orí. Owó tí wọ́n ń ra kòkó ti já wálẹ̀, àwọn wolé-wolé ń fòòró àwọn obìnrin nítorí ìkòkò omi tí kò ní ìdérí, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì ń fi owó orí kọ́lé. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní ohun kan ṣoṣo ló ká àwọn lára jù, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kú, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́:

"Àbẹ̀kẹ́, a béèrè omi, wọ́n ní ká ní sùúrù, ogun ń lọ lọ́wọ́. A béèrè ọ̀nà, wọ́n ní ká ní sùúrù, ogun ń lọ lọ́wọ́. Owó orí wá dé. A ní kí àwọn náà ní sùúrù, kòkó ò tíì gbẹ. Ìbọn ni wọ́n fi dá wa lóhùn."

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ wọ́ lọ sí gbọ̀ngàn Mápó n'Íbàdàn, ọlọ́pàá yìnbọn, èèyàn kú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó ti di ìjà gidi jákèjádò oko. Òkè mẹ́fà ni wọ́n láwọn á san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, kò ní lé kan. Wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ nínú rògbòdìyàn náà, èyí tí bàbá mi kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, tí ó bá sì dé ibẹ̀ á wo ilẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ bá Táfá Adéoyè, olórí wọn, ní Àkànrán, kí wọ́n tó fi àbọ̀ sí ibi kan. Owó orí wálẹ̀ sí pọ́ùn méjì. Bàbá mi padà wá ń sùn nílé.

Kànga tí wọ́n béèrè ńkọ́? Ọdún 1983 ni wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Àwa ọmọ abúlé la dá owó rẹ̀.

Mo ń rò ó nígbà tí ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gbé àbá ìṣúná ọdún 2025 lọ síwájú àwọn aṣòfin. Tírílíọ̀nù 4.91 náírà fún ètò ààbò, òun ló wà lókè pátápátá. Tírílíọ̀nù 3.52 fún ẹ̀kọ́. Tírílíọ̀nù 2.48 fún ìlera, ìyẹn nǹkan bíi náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún 2001, ní Abuja tiwa níbí, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà tọwọ́ bọ̀wé pé náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni ìlera yóò máa gbà. Àwa la gbà wọ́n lálejò. Ọdún tí wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé náà, àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn ti di ẹni tó ń bímọ báyìí.

Bí wọ́n bá bi mí, ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí owó ogun náà máa kọ lẹ́tà. Kí ẹni tó fẹ́ ná an wá síta, kó sọ iye rẹ̀, kó sọ ohun tí a kò ní lè ṣe nítorí rẹ̀, kó dárúkọ rẹ̀: iléèwé báyìí, ọ̀nà báyìí, fìríìjì báyìí. Kí aṣòfin tó ń ṣojú Ọ̀nà-Àrà, ìjọba ìbílẹ̀ wa, dìde, kó ní òun gbà tàbí òun kò gbà, kí a sì gbọ́ ọ lórí rédíò bí a ṣe ń gbọ́ ti bàálù.

Bàálù mẹ́fà àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Kano ní oṣù keje ọdún 2021. Ọdún yẹn náà ni fìríìjì wa dé. Kì í ṣe ìjọba ló rà á. Àwọn ọmọ abúlé tó wà ní Èkó àti àwọn mélòó kan ní Houston ló dá owó, àwọn ìyá ọlọ́jà fi kún un, bàbá ọmọ yẹn tó ta ọ̀kadà náà mú ẹgbẹ̀rún méjì náírà wá, ó ká a sínú ìwé bébà, ó ní kí n má kọ orúkọ òun sílẹ̀. Funfun ni fìríìjì náà, kò ga ju ìbàdí mi lọ. Ọjọ́ tí wọ́n tan án, mo to abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ tán, mo fọwọ́ lé e lórí, mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kùn lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, n kò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Bátìrì sólà rẹ̀ dákẹ́ ní ìparí ọdún 2023. Ìyẹn ni lẹ́tà kẹrin. Mo fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì tó gba ipò mi, ọmọdébìnrin kan tó jáfáfá, ó sì pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá láti sọ èsì tí wọ́n fún un. Wọ́n ní àwọn ti rí i.